Owó Ẹja, Owó Odò

Mọ́tọ́lání ló fi owó ránṣẹ́ láti Ìlọrin.
Ó ní kí n má fi ra òwú,
kí n má fi san owó iná.
"Ẹ lọ jẹun létí odò, ẹ̀yin àti Bàbá,
níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ funfun nu ẹnu."

A wọ kẹ̀kẹ́ láti Òkè-Baálẹ̀.
Ràímì wọ ẹ̀wù tí mo rán fún un
lọ́dún tó fẹ̀yìn tì ní rélùwéè;
ẹ̀wù náà ti tóbi jù ú báyìí, èjìká rẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀.
Ọmọbìnrin kan ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ ìlàjì,
ìwọ̀n tí síkẹ́ẹ̀tì fífún gbà á láàyè.

Níbí! Níbí gan-an ni mo ti ń fọṣọ.
Òkúta tí mo ń lu aṣọ lé
ni wọ́n kùn lọ́dà, tí wọ́n gbé àtùpà kà.
Nígbà yẹn a kì í sanwó ká tó wo odò.
Odò ló ń wò wá.

Ìwé oúnjẹ dé, ó wúwo bí ìwé ilẹ̀.
Mo fi ìka tọ ìlà rẹ̀ bí ẹni ń wọn apá oníbàárà:
ẹja sísun kan, ẹgbàá mẹ́rìnlá.
Aṣọ ilé-ìwé méje nìyẹn,
kọ́là méje, ihò bọ́tìnnì márùndínlógójì,
àti ẹ̀yìn tí yóò máa dùn mí di Jímọ́ọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ẹja odò yìí ni?"
Ojú rẹ̀ là. "Háà, Ìyá! Ta ló ń jẹ ẹja Ọ̀ṣun?
Láti Ẹ̀pẹ́ ni, nínú yìnyín."
Omi kan là ń wò,
ẹja omi mìíràn là ń jẹ,
owó omi méjèèjì ló sì wà nínú ìwé.

Ẹja dé lórí pákó, ó lanu
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ iye ara rẹ̀.
Ata rẹ̀ kò ta. Iyọ̀ rẹ̀ ń tijú.

Ràímì yọ egungun kan lẹ́nu,
ó gbé e sí etí àwo, ó ní,
"Ọjọ́ tí odò gbé ọṣẹ rẹ lọ..."
"Ọṣẹ wo?"
"Ọṣẹ dúdú, nínú igbá kékeré. A kò tíì mọ ara wa.
Mo wà lábẹ́ afárá. Mo wọ omi dé àyà, mo mú un.
Ojú tì mí láti dá a padà.
Abẹ́ ibùsùn mi ló wà títí ó fi gbẹ, tó sán."

Ọdún mẹ́tàlélógójì la ti ń sùn lórí ẹní kan.
Nílé wa, ẹ̀rọ ìránṣọ ń sọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń sọ̀rọ̀,
oníbàárà ń bèèrè bóyá bùbá òun ti tán;
ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kò ròkè
kò rí ibi gbà kọjá.

Owó dé nínú awọ dúdú: ẹgbàá mọ́kàndínlógún.
Ẹgbẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀, owó ìtọ́jú ni wọ́n pè é.
Mo ka tiwọn lẹ́ẹ̀mejì, mo ka tèmi lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá Sùfíánù yóò bi mí lọ́la bóyá ó tó bẹ́ẹ̀.
N ó sọ fún un: ẹja náà kò tó bẹ́ẹ̀.
Ìrẹsì náà kò tó bẹ́ẹ̀.
Omi inú ìgò, olè ni.
Ti ọṣẹ, n kò ní í dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, Ràímì di irin etí odò mú,
ó nawọ́ sí ibì kan nínú òkùnkùn.
N kò rí nǹkan kan. Mo ní, "Mo rí i."

Oníkẹ̀kẹ́ ní ẹgbẹ̀rún. Mo ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin.
Ó kọ̀, ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.
A fẹsẹ̀ rìn. A kò yára.